Ọkọ̀ Tó Ń Yọ̀ Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Dígí ni wọ́n ń pe dẹ́rẹ́bà náà, kì í sì í ṣe nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nílé iṣẹ́ ìgò máa ń rò pé torí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ń dán ni. Wọ́n ṣì í. Àwọn àgbà inú wọn, tó ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò nínú dígí tó wà lókè iwájú rẹ̀. Iwájú ni ọkọ̀ ń lọ, ẹ̀yìn ni dẹ́rẹ́bà ń wò. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń sùn, ẹni tó ń da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí ẹnìkejì, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà kan òun.

"Ìfura loògùn àgbà," ni ó máa ń wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn ló ní ìwọ̀n, Dígí kò sì mọ ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á rò ó títí dé ilé: iṣẹ́ wo gan-an ni onítọ̀hún rí? Bí ìyàwó rẹ̀ bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ gbé ife náà sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ mu ún, bàbá wọn," ni obìnrin náà máa ń sọ. "Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ pa yín ni, ìgbà tí mo ṣì lẹ́sẹ̀ tí mo lè fi wá ọkọ mìíràn ni ǹ bá ti ṣe é."

Tí a bá yọ ti ìfura yìí kúrò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lórí bíréèkì. Ẹni tó gbé tíì gbígbóná lọ́wọ́ lè mu ún tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìta á sáṣọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bíréèkì ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíréèkì ń dá dúró. Ilẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dúró, bí táyà bá rí i dì mú. Bí táyà kò bá rí ilẹ̀ dì mú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè dúró gbagidi bí òpó, kí ọkọ̀ sì máa yọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó dúró tó sì ń yọ̀ kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Ibi tó bá wu dẹ́rẹ́bà ni kó yí sítíárìn sí, ibi tí ọkọ̀ ti dojú kọ ni yóò máa lọ. Àfi kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà máa yí kó tó lè gbọ́ràn. Dígí mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà títọ́, tí á sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò kó tó yà.

Ohun mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni ìmọ́tótó. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń fọ bọ́ọ̀sì náà lágbàlá ilé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń sùn di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Á ti géètì, á fọ̀ ọ́, á pa ẹ̀gbẹ́ táyà lọ́ìlì títí á fi dúdú bíi kóró iṣin. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Lọ́dún yìí, ó tún ní ìdí mìíràn tí kò fi fẹ́ kí wọ́n wo òun: ẹ̀yìn ń dùn ún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, kì í lè tètè nàró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, torí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún dẹ́rẹ́bà tí ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé, àga tó jókòó sí kò sì ní tutù kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Ọ̀nà tó wọ ilé iṣẹ́ ìgò ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́, ó sì ní kọ́nà kan nísàlẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri gíga wà lápá kan, gọ́tà jíjìn wà lápá kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Dígí fọwọ́ pẹ̀lẹ́ tẹ bíréèkì níbi tó ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò dáhùn. Ó ń yọ̀ lọ geere bí ọṣẹ lórí àwo, ìdí rẹ̀ sì fì sí apá ògiri. Dígí gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó yí sítíárìn sí apá ibi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ, ó sì dúró de ilẹ̀. Táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó rí ilẹ̀ dì mú, ọkọ̀ sì tọ́ nígbà tí ògiri ti súnmọ́ fèrèsé débi pé èèyàn lè ka bíríkì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń di ìgò sínú páálí bú sẹ́rìn-ín ìbẹ̀rù.

"Dígí, àbí ẹ sùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí àyè yọ fún un, ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo bíréèkì, ó wo omi rẹ̀, ó fìka tọ́ ilà táyà wò bóyá ó jìn. Ó jìn, torí pé táyà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìtajà ni.

"Bíréèkì ẹ dáa ju tèmi lọ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. "Rọra máa lọ."

Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, òjò rọ̀, ọkọ̀ kò yọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó yọ̀ níbi tó ti yọ̀ tẹ́lẹ̀. Dígí tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn sì tún ní òun kò rí nǹkan kan.

"Bíréèkì tó bàjẹ́ kì í mọ ọjọ́," ni Dígí wí. "Èèyàn ló ń mọ ọjọ́."

"Èèyàn wo?"

"Ta ló ń wà á ní Sátidé?"

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń wà á. Dẹ́rẹ́bà kejì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rín torí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Òun ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tó sì ń gbé bọ́ọ̀sì wá sílé Dígí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ara ti ń fu Dígí sí i tipẹ́. Ọkùnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ta ló mọ ẹni tó ń fi ṣẹ̀sín? Ẹ̀rín yìí kan náà ló sì bi í léèrè lọ́jọ́ kan, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ fẹ́ sinmi lẹ́nu iṣẹ́, kí a lè bá yín ṣàjọyọ̀ rẹ̀?" Dígí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí i, ní Sátidé tó kọjá, tó lóṣòó sídìí táyà ẹ̀yìn, tó ń fi ohun ṣóńṣó kan tọ́ ọ. Nígbà tó bi í léèrè, Ẹ̀rín dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

Kò sí nǹkan kan, o sì lóṣòó. Páńsá kò fura, páńsá já iná. Dígí kọrí sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ nílé iṣẹ́ ìgò.

Obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀, ó kéré sí Dígí lọ́jọ́ orí, kì í sì í fi ìkánjú sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i tó fọwọ́ ba bíréèkì jẹ́?"

"Ọ̀gá, mo rí i tó lóṣòó sídìí táyà."

"Lílóṣòó kọ́ ni mo béèrè."

"Sátidé, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Mọ́ńdè, ọkọ̀ yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ọjọ́ láti Sátidé bọ́ sí Mọ́ńdè ti fo ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó rántí láti tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ẹ̀rín. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ikú yín ṣe?" ló bi í. "Ìyàwó mi náà ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ṣé òun náà ni mo fẹ́ pa?"

Òótọ́ ni, ibi ìdìgò ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí pa ìfura náà, ṣùgbọ́n ìfura kì í kú sójú kan. Dígí ti rí ìdáhùn sí i lọ́kàn rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni obìnrin náà máa ń jókòó sí. Ta ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí kò bá ní ìdí?

Ọ̀gá pàṣẹ pé kí Ẹ̀rín má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì àti mẹkáníìkì wá bá òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí òun gbọ́ tẹnu wọn. Bó bá jẹ́ òótọ́, Ẹ̀rín yóò fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Kò sọ ìyẹn, Dígí náà kò sì béèrè.

Dígí fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti géètì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fọ ọkọ̀ mọ́, ó sì gbé ike onípáńpù kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí òdòdó. Ọ́ìlì àlòkù tó fi kẹrosíìnì là ló wà nínú rẹ̀. Láyé ọjọ́un, àkísà ló fi ń pa á sí ẹ̀gbẹ́ táyà, lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti kọ̀, ó ń dúró gangan, ó ń fọ́n ọn. Iṣẹ́ ń yá, táyà sì ń dán ju ti àkísà lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó rò pé Ẹ̀rín lè fo ògiri wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́, torí náà ó mú ìyẹ̀fun ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó wọ́n ọn yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á rojọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ó jáde. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti sálúbàtà òun alára. Èyí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó rọra sún un síwájú díẹ̀ kí ó lè wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyẹ̀fun ti lẹ̀ mọ́ táyà. Kì í ṣe pé ó bu eruku díẹ̀ sí i lára, bí ìyẹ̀fun ṣe máa ń ṣe sí ohun gbígbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀, ó dì pọ̀ nínú ilà rẹ̀ bíi pé wọ́n fi òróró pò ó. Dígí na ìka kàn án. Ó ń yọ̀. Ó gbé ìka náà simú: kẹrosíìnì, àti ọ́ìlì àlòkù. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ihò tó wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì rí i tí ọ́ìlì tó fọ́n ń dán níbi tí bíréèkì wà nínú lọ́hùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a lórí ìbẹ̀rẹ̀ náà.

"Bàbá wọn, ṣé ìyẹ̀fun mi lẹ dà sílẹ̀ báyìí?"

"Páńpẹ́ ni mo dẹ."

"Kí ló mú?"

Dígí ń wo ìka rẹ̀.

"Mo ní kí ni páńpẹ́ yín mú?"

"Bá mi bu omi gbígbóná wá," ló sọ. "Àti ọṣẹ. Ọṣẹ tó pọ̀."

Ó gbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ilẹ̀, ó da omi ọṣẹ sínú ihò ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó rọra wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbẹ, títí ó fi dá a lójú pé ó ń mú. Bí ó ti ń ṣe é, ohun kan ń sọ sí i lọ́kàn. Bí ọkọ̀ kò bá yọ̀ lónìí, gbogbo èèyàn ni yóò sọ pé torí Ẹ̀rín kò fọwọ́ kàn án ni. Kò ní láti parọ́ kankan. Kó ṣáà ti dákẹ́. Ẹ̀rín á lọ, òun á sọ ike onípáńpù sínú ààtàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òun á sì wà láàárín òun àti ìyàwó òun.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé ibi gẹ̀rẹ́ náà. Àwọn èrò di irin ìjókòó mú. Dígí tẹ bíréèkì, táyà dì mọ́ ilẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀, ó yà, ọkọ̀ sì gba kọ́nà náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan?" ni obìnrin tó ń di páálí sọ, ó sì sọ ọ́ sókè. "Àtìgbà tí wọ́n ti ní kí ọmọ yẹn má fọwọ́ kàn án, ọkọ̀ ti gbọ́ràn. Ayé mà burú o."

"Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín káàkiri," ni ẹlòmíràn fi kún un.

Dígí gbójú sókè wo dígí rẹ̀. Ó rí ìyàwó Ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó doríkodò, tó ń tú kókó ìborùn rẹ̀, tó tún ń so ó. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta wà lórí ìdúró.

Ní ọ́fíìsì ọ̀gá ọkọ̀, Ẹ̀rín jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú mẹkáníìkì. Dígí kò jókòó. Ó gbé ike onípáńpù lé orí tábìlì.

"Èmi ni," ló sọ.

Ọ̀gá wo ike náà, ó wo Dígí. "Ẹ̀yin ni kí ni, bàbá?"

"Èmi ni mo ń mú ọkọ̀ yọ̀. Ọ́ìlì tí mo fi ń kun táyà ló ń ta sójú táyà, tó sì ń wọ inú bíréèkì. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ń fọ́n ọn."

Mẹkáníìkì fọwọ́ gbá itan. "Abájọ tí mi ò fi rí nǹkan kan. Ọkọ̀ á ti rìn ní Mọ́ńdè, ilẹ̀ á ti nù ún kúrò, kó o tó gbé e wá bá mi. Ìwọ ọ̀rẹ́ yìí, ta ló ń fọ́n ọ́ìlì sí táyà? Ṣebí àkísà lo fi ń pa á?"

"Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn," ni ọ̀gá sọ. "Kí ló dé tí ẹ fi àkísà sílẹ̀?"

Dígí wo ike náà. Ó lè ní torí kí iṣẹ́ lè yá ni. Irọ́ kékeré ni, ì bá sì kọjá.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ló sọ. "Mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní dókítà ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn náà, àti pé títí dìgbà náà, kí Dígí kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Dígí kó o sílẹ̀. Ọ̀gá sì ti kọ́kọ́rọ́ náà síwájú Ẹ̀rín.

Ẹ̀rín kò mú un.

"Ohun ṣóńṣó tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ìṣó ni," ló sọ. "Òkúta ni mo fi ń yọ nínú ilà táyà. Mo rò pé bí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní mò ń wá àléébù sí ìmọ́tótó àwọn."

"Mo gbọ́," ni Dígí wí. "Má bínú, àbúrò."

"Èmi ti gbọ́ tèmi. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ò tíì gbọ́. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n, níbi tí wọ́n ti ń bú mi lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó mú kọ́kọ́rọ́."

Nígbà tí iṣẹ́ parí nírọ̀lẹ́, tí bọ́ọ̀sì kún, Dígí ló dìde dúró sáàárín ọ̀nà inú ọkọ̀, ó di irin méjì mú torí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgé e kúrú: ọ́ìlì, páńpù, ìyẹ̀fun, ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Obìnrin tó ń di páálí kò rí ibi gbójú sí. Dígí yíjú sí ìyàwó Ẹ̀rín.

"Ìyàwó wa, mo ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin àti ọkọ yín."

"Ẹ jókòó, bàbá," ni obìnrin náà dáhùn, kò sì gbójú sókè. "Ẹ̀yìn yín."

Ìjókòó tó ṣófo kan ṣoṣo ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dígí jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rín mú kọ́kọ́rọ́, ó sì wa ọkọ̀ jáde. Wọ́n gun òkè náà, wọ́n bọ́ sójú títì, wọ́n súnmọ́ oríta níbi tí iná pupa ti ń tàn lójú ọ̀nà tútù.

"Ó ti pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì," ni Dígí sọ lábẹ́ èémí, ọrùn rẹ̀ gùn síwájú. "Ẹ wò ó. Ó ti pẹ́ jù."

"Bàbá," ni ìyàwó Ẹ̀rín sọ, "ẹ jẹ́ kó wa ọkọ̀."

Dígí pa ẹnu dé. Ọkọ̀ fara balẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ìlà láìmi ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún Dígí ṣì tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kò sì gbé e kúrò títí iná fi yí padà.